Èènì nínú Kíláàsì Sáyẹ́ǹsì

Sísì kan, ìyẹn kọ́bọ̀ márùn-ún, ni wọ́n ń ta odindi ìrèké kan ní Sábó Zaria nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì kéré, tí mo ń sáré káàkiri ìdí àtẹ ìyá mi láìwọ bàtà. Ìrèké náà á ga jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ ó kàn san sísì yín kí ẹ sì máa lọ. Ẹ ó dúró. Bàbá Hausa tó ń tà á mọ̀ pé ẹ ó dúró, òun náà á máa ṣe bí ẹni tí kò rí yín, á máa fi ọ̀bẹ ha ìrèké mìíràn. Tó bá yá, á gé oríkèé kan lára èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, á nà án sí yín, á ní, "Gyara." Gyara yẹn ni àwa Yorùbá ń pè ní èènì. Ẹni tó bá ra nǹkan tí kò gba èènì lé e, bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ló ṣe máa rìn délé.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí kàwé jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìdajì rẹ̀ ni mo sì fi ta gúgúrú fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lábẹ́ tábìlì. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣàròyé lórí rédíò pé kí ló dé tí sáyẹ́ǹsì fi máa ń le fún àwọn ọmọ wa, tí wọ́n ń sọ pé ìwé ò tó, irinṣẹ́ ò tó, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Òótọ́ ni, irinṣẹ́ ò tó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í bèèrè ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ti kọ́ nílé kó tó gbé e dé kíláàsì. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nídìí àtẹ ìyá wa kí wọ́n tó fi sáyẹ́ǹsì hàn án, ohun tí ọwọ́ náà kọ́ níbẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nílé-ìwé. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Òróró ẹ̀pà, iyọ̀ àti káún ni ìyá wa ń tà nínú ọjà Sábó. Ará Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí i sí, ó sì lè fi Hausa bú ènìyàn títí ẹni náà á fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò ló fi ń wọn òróró, agolo mílíìkì ló fi ń wọn iyọ̀. Láti kékeré ló ti kọ́ wa. Ẹ rọ òróró dé ọrùn ìgò, ẹ dúró kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i pé ó dé ọrùn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ife kékeré bu díẹ̀ lé e. Díẹ̀ yẹn gan-an ni ọjà lójú tirẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ kàn jẹ́ òróró lásán. Tí a bá wọn nǹkan tí a sì dúró síbẹ̀, á gbá wa lẹ́yìn ọwọ́.

"Ọwọ́ ta lo gbé wá sídìí àtẹ mi? Ọwọ́ tó há bí ẹnu ìgò tìróò. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa ní mo bí ahun ni?"

A kọ́ ọ débi pé, tí mo bá ń bu omi àlùwàlá sínú kẹ́tùrù fún bàbá wa, mo máa ń bu díẹ̀ lé e lẹ́yìn tó bá ti kún, omi á sì dà sí bàtà rẹ̀. Bàbá wa á wo bàtà, á wo èmi, á wo ìyá wa, á sì lọ kírun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí mọ̀wé. Èmi àti ẹ̀ jọ mu ọmú kan náà, mi ò mọ ibi tó ti rí orí yẹn. Ó wọ ilé-ìwé gírámà àwọn obìnrin, ó ń ṣe dáadáa, títí tó fi dé kíláàsì kẹta. Kíláàsì kẹta yìí ni wọ́n ti máa ń yan àwọn tó máa ṣe sáyẹ́ǹsì. Àwọn tí wọn ò bá yàn á lọ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì àti bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ṣe òdòdó sára aṣọ tábìlì. Bàbá wa, tó ń ta obì, ti la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nílé. Ó ní òun ní owó tí òun lè fi sọ ọmọ di nọ́ọ̀sì, òun ò ní owó tí òun fi máa kọ́ ọmọ ní dídín àti sísè tí ìyá rẹ̀ lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọn ò bá mú un fún sáyẹ́ǹsì, kó di ẹrù rẹ̀, Kano ló ń lọ, sọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin tó ń ta aṣọ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ Kano. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, ó sì ti ń ṣe é lórí wa tipẹ́. Gbogbo ọmọláńgidi tí mo fi ṣùkù àgbàdo ṣe ló ti gún ní abẹ́rẹ́. Àwọn tí ara wọn kò yá, ó fi aṣọ bò wọ́n lójú.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn jẹ́ ọkùnrin gíga kan láti ìhà Kàbà, tó ń gbé ní Muchia, tó máa ń gun alùpùpù wá láti ibẹ̀, tí eruku á ti mú irùngbọ̀n rẹ̀ funfun kó tó dé. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ àwọn ọlọ́jà ò lè ṣe sáyẹ́ǹsì. "Àwọn ọmọ ọjà" ló ń pè wọ́n. Ó ní wọ́n gbọ́n nínú ìṣirò owó, ṣùgbọ́n wọn ò lè fara balẹ̀, wọn kì í gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún wọn. Ìdánwò àfọwọ́ṣe ló fi ń yan àwọn tó máa mú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó sì máa ń ṣe é. Ẹni tó bá kùnà nínú gbogbo rẹ̀, kó lọ máa ṣe kéèkì.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìdánwò náà ò sì ju nǹkan ilé ìdáná lọ. Àwọn oògùn aláwọ̀ tó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé kò dé, ni tíṣà bá lọ ra ìṣápá pupa, èyí tí Hausa ń pè ní soborodo, ó sè é, ó gba omi rẹ̀. Tí ẹ bá da omi ìṣápá yìí sínú omi káún, á di àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá wá ń fi rọ́bà tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á máa hó, á kúrò ní àwọ̀ ewé, á dà bí aró, á wá di elésè àlùkò. Tí ẹ ò bá dúró níbẹ̀, á pọ́n. Tíṣà ní kí wọ́n dúró gẹ́lẹ́ tó bá ti di elésè àlùkò, kí wọ́n sì sọ bí ọsàn tó gbà ṣe pọ̀ tó, torí ibẹ̀ yẹn ni ọsàn àti káún ti ṣe déédéé, tí ọ̀kan ò ju èkejì lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń jókòó ti àpò káún, mi ò mọ̀ pé ó ní ọ̀tá.

Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi kán ọsàn, ó kán an títí, ó rí elésè àlùkò, ó dúró. Gbogbo nǹkan dára. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó kán ẹyọ kan lé e. Omi náà pọ́n bí ojú ẹni tí ata ta sí. Tíṣà wá dúró sí i lórí.

"Mo ní kí o dúró."

"Mo dúró, sà."

"Tí o bá dúró, kí ló wá pọ́n?"

"Mo kàn fi díẹ̀ sí i ni, sà."

"O fi díẹ̀ sí i. Fún ta?"

Kò sí ẹni tó rán ẹ̀gbọ́n mi, òun náà kò sì mọ̀ pé òun fẹ́ ṣe é. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, omi ọmọ oníyọ̀ ti pọ́n. Ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ti ọmọ ẹlẹ́wà pọ́n jù ú lọ, torí ìyá tiẹ̀ lawọ́ ju ìyá wa lọ. Àwọn tí tiwọn dúró ní elésè àlùkò ni ọmọ akọ̀wé bánkì, ọmọ pásítọ̀ àti ọmọ ọ̀gá àwọn oníréluwé, àwọn tí ìyá wọn kì í ta nǹkan kan. Tíṣà wo àwọn tó pọ́n, ó wo àwọn tí kò pọ́n, ó mi orí. "Àwọn ọmọ ọjà," ó ní, bí ẹni pé ó ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó sì ti rí i lóòótọ́, àmọ́ kò mọ̀ pé òun rí i.

Nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún pọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí a ti ń fọ ìkòkò, ẹ̀gbọ́n mi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sínú omi.

"Ìwọ rò pé eré ni. Tó bá tún pọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, Kano nìyẹn."

"Wọ́n á máa fún ẹ ní aṣọ ní Kano."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

"Wọ́n tiẹ̀ lè fi díẹ̀ sí i."

Ó fi ṣíbí ọbẹ̀ gbá mi lórí, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí inú rẹ̀ rọ̀, ó ní òun ti mọ ohun tí òun máa ṣe. Ọwọ́ tó kọ́ ọ nídìí àtẹ, ìdí àtẹ náà ni òun ti máa tún un kọ́. Láti ọ̀la lọ, òun ò ní fi ẹ̀kán kan lé òróró ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyá wa ti lọ sí abúlé lọ ra òróró nígbà náà, àwa méjèèjì ló fi sídìí ọjà. Ẹni àkọ́kọ́ tó kan ni Hajiya tó ń dín màsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, obìnrin àgbàlagbà tó ti ń ra òróró lọ́wọ́ ìyá wa kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀gbọ́n mi rọ ọ́ dé ọrùn ìgò, ó dúró, ó nà án sí i. Hajiya ò gbà á.

"Ina gyara na?" Ó ń bèèrè èènì rẹ̀.

"Ó ti pé, Hajiya," ẹ̀gbọ́n mi fi Hausa dá a lóhùn.

"Mo mọ̀ pé ó ti pé. Mi ò ní kò pé. Gyara mi ni mo ń bèèrè."

"Kò sí gyara mọ́, Hajiya. Ó dé ọrùn."

Hajiya na ọwọ́ kọjá orí agolo iyọ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi níwájú orí, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó ní kí n lọ wá oògùn ibà fún ọmọ yìí kó tó wọra. Ó gba òróró rẹ̀, ó sì lọ. Kò padà wá. Àwọn tó kù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fo àtẹ wa, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó wà níwájú wa, ẹni tí òróró rẹ̀ máa ń rùn bí ẹ̀pà tó jóná, torí pé ó ń fi díẹ̀ sí i. Mo rí bí obìnrin náà ṣe ń fi díẹ̀ náà sí i tó ń wò wá.

Nígbà tí ìyá wa dé, kò tíì bọ́ ìbòrí rẹ̀ tí wọ́n ti ròyìn fún un. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi síwájú.

"Ta ló ní kó o máa háwọ́ sí àwọn oníbàárà mi?"

"Ilé-ìwé ni, Màmá. Tíṣà wa ní ibi tí a bá wọn nǹkan dé, ká dúró síbẹ̀."

"Tíṣà yín. Ṣé tíṣà yín ń ta òróró?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé òun ló ń san owó àtẹ mi?"

"Rárá, Màmá. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń fi sí i níbí, mo máa fi sí i lọ́hùn-ún, wọn ò sì ní mú mi."

"Kí wọ́n má mú ọ. Mo rán ọ lọ sílé-ìwé pé kó o lọ gbọ́n, o lọ kó ahun wá fún mi nínú àpò ìwé. Tó bá jẹ́ ohun tí sáyẹ́ǹsì ń sọ ènìyàn dà nìyí, èmi fúnra mi ni mo máa dì ọ́ lẹ́rù. Ọ̀nà Kano ò jìnnà."

Ẹ wo ọ̀ràn. Tó bá fi èènì sí i ní kíláàsì, bàbá á rán an lọ sí Kano. Tí kò bá fi sí i nídìí àtẹ, ìyá á rán an lọ sí Kano. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lọ́jọ́ náà, èmi náà ò sì rẹ́rìn-ín mọ́, torí mo ti wá rí i pé ó lè lọ ní tòótọ́, àti pé tó bá lọ, èmi nìkan ni màá máa fọ ìkòkò.

Sátidé tó ṣáájú ìdánwò ìkẹyìn ni ọkùnrin gíga kan dé ìdí àtẹ wa, ó wọ jalabíà, ó dé fìlà, ó mú ìgò òfìfo lọ́wọ́. Ìyá wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń yọ òkúta nínú iyọ̀. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ìyá wa ò kà á sí, torí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kí gbogbo ènìyàn. Èmi tí mo rí eruku nínú irùngbọ̀n ọkùnrin náà ni mo mọ ẹni tó jẹ́.

Ó ní kí wọ́n rọ òróró sínú ìgò òun kó kún. Ẹ̀gbọ́n mi rọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ó dé ọrùn gẹ́lẹ́, ó dúró, ẹ̀kán kan ò lé e. Ó nu ara ìgò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó ń retí kó yìn ín. Tíṣà gba ìgò, kò lọ.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán, sà. Ó dé ọrùn."

"Mo rí i pé ó dé ọrùn." Ó gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó tún gbé e wálẹ̀. "Ẹ ò wá ní fi nǹkan kan sí i? Lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní Muchia, wọ́n máa ń fi díẹ̀ sí i."

Ẹ̀rín ti ń rìn mí nínú ikùn, mo fi ẹnu bọ inú aṣọ. Ìyá wa ti dìde pẹ̀lú ife kékeré lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe ẹjọ́ ọmọ náà. Wọ́n ní tíṣà kan nílé-ìwé wọn, ahun paraku, òun ló bá mi ba ọwọ́ ọmọ mi jẹ́. Ó ní tí wọ́n bá ti wọn nǹkan tán, kí wọ́n dúró gbagidi. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, á ti máa ka ẹ̀wà fún ìyàwó ẹ̀ kó tó gbé e kaná."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń bu òróró lé e, ó bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó tún bù ú, torí inú tó ń bí i sí tíṣà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀ bóyá ó máa là. Tíṣà dúró kí òróró náà dé ẹnu ìgò tán. Lẹ́yìn náà ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ìyá, èmi ni tíṣà náà."

Ìyá wa wò ó láti orí fìlà dé orí bàtà. Ojú ò tì í rárá.

"Ẹ gbé ìgò yẹn wá, kí n da èyí tí mo fi sí i padà."

Tíṣà gbá ìgò náà mọ́ àyà. "Ó ti wọlé, Ìyá. Kò ṣeé dá padà mọ́."

Ìgbà náà ni ẹ̀rín gba gbogbo ìlà wa, obìnrin iwájú wa náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tíṣà ò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ń wo ife kékeré ọwọ́ ìyá wa, ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Ó bèèrè bóyá gbogbo ọjà ló ń ṣe báyìí. Ìyá wa ní ṣé ó ti rí ọjà tí kì í ṣe báyìí rí ni. Tíṣà bá fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ìyá, ọmọ yín ní òun fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Tó bá ń bu oògùn fún ọmọ ọwọ́ kan lọ́la, ṣé ẹ ó fẹ́ kó fi èènì sí i?"

"Èmi? N ó bèèrè fún un ni."

Òótọ́ ni, ó máa ń bèèrè. Tí ìyá wa bá gbé wa lọ gba oògùn ibà, tí wọ́n bá ka hóró fún un, á ní kí wọ́n fi ọ̀kan sí i, òun ni kọ́sítọ́mà wọn. Tíṣà gbé ọwọ́ lé orí.

"Oògùn tó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ, Ìyá."

Ìyá wa gbé ife kékeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kó gbé e sílẹ̀ láàárín ọjà. Nígbà tó tún la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ ò wá sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó dúró, kí ó dúró, ni ẹ ń sọ fún un. Ẹ ò sọ nítorí kí ni. Ọwọ́ tí mo fi ọdún mẹ́wàá kọ́, ṣé ẹnu lásán lẹ fẹ́ fi tú u?"

Tíṣà dìde lórí àpótí. Ó san owó rẹ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan mú ìgò òróró bí ẹni tó gbé ẹyin. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní ìyá wa ti bá òun ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé ta ló máa mú ọmọ obìnrin tó pè é ní ahun.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi ni mò ń sọ fún yín yìí, mo sì ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rò pé mo wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, ife méjì méjì ló wà níwájú olúkúlùkù, ọ̀kan ní omi káún, èkejì ṣófo. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Tíṣà dìde.

"Mo ti ń sọ pé ọwọ́ yín kì í gbọ́rọ̀. Ọwọ́ yín ń gbọ́rọ̀, ti ìyá yín ló ń gbọ́. Ẹ gbọ́ tèmi náà. Ife àkọ́kọ́ yìí kò ní oníbàárà. Mo kàn fẹ́ mọ agbára káún ni, irọ́ ni èènì máa pa fún mi. Tó bá ti di elésè àlùkò, ẹ dúró. Ẹni tí ọwọ́ bá ṣì ń yún, kó kán tirẹ̀ sínú ife kejì."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Ó kúrò ní àwọ̀ ewé, ó dà bí aró. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn ìyá wa létí bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn òun. Ó di elésè àlùkò. Ó dúró. Ọwọ́ náà sì tún gbéra, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ẹ̀kán ọsàn kan rọ̀ lẹ́nu rọ́bà náà, ó wú, ó ń mì lókè ife àkọ́kọ́. Ó ní òun rí Kano nínú ẹ̀kán yẹn, pẹ̀lú gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ó fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀kán náà sì já bọ́ sínú ife kejì.

Ara rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní bí ìgbà tí oníbàárà bá gba ọjà rẹ̀ tó sì lọ ni. Ọmọ oníyọ̀ kán tirẹ̀ sínú ife kejì, ọmọ ẹlẹ́wà kán tiẹ̀ títí ó fi bo ìsàlẹ̀ ife. Kíláàsì náà di elésè àlùkò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tíṣà ń lọ láti tábìlì kan sí èkejì, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó parí, ó da gbogbo èènì inú ife kejì pọ̀ sínú ìgò kan, ó ní èyí á tó fi bẹ ìyàwó òun nílé nítorí ẹ̀wà tí wọ́n ní òun ń kà fún un.

Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n mú ọmọ oníyọ̀. Ọmọ ẹlẹ́wà ní kéèkì wu òun ju gbogbo ìyẹn lọ, ó sì ń ṣe é títí dòní, ó ti fi kọ́ ilé. Nídìí àtẹ wa, ẹ̀gbọ́n mi padà sí èènì rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tí Hajiya gbọ́, ó padà wá, ó tún fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ní Ọlọ́run ṣeun, ibà ti lọ. Ẹni kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, ó kàn ti wá mọ ibi tí wọ́n ń fi díẹ̀ sí àti ibi tí wọn kì í fi sí i.

Ẹ wo ayé òde òní. Inú ọ̀rá ni òróró ti ń bọ̀ báyìí, wọ́n ti dì í pa ní àwọn ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń rọ ọ́ kò ní ìyá tó máa gbá a lẹ́yìn ọwọ́. Èmi náà ń tà á. Ọmọ tó bá wá rà á lọ́wọ́ mi á sanwó, á gba ọ̀rá rẹ̀, á yí padà. Tí mo bá ní kó dúró kó gba súìtì kan lé e, á wò mí bí ẹni tó fẹ́ jí òun gbé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà nílé-ìwé aládàáni ní Hanwa, gíláàsì àti oògùn aláwọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ọwọ́ wọn dúró ṣinṣin, kò sí ohun tó ń bá tíṣà jà nínú wọn. Mo ní kí n fi ìṣápá àti káún han ọ̀kan nínú wọn, ó ní òun ti rí i lórí fóònù. Mo ní báwo ló ṣe ń rùn. Kò mọ̀. Mi ò sọ pé tiwa dára jù. A máa ń kùnà jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n tí ohun tí wọ́n kọ́ wa bá wọ ọwọ́ wa, kì í jáde mọ́, torí ó ti bá nǹkan mìíràn jà kó tó wọlé.

Àwọn kan ṣì ń bi mí, torí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn owó, pé èrè wo ni sáyẹ́ǹsì tiẹ̀ ṣe fún ilé yín, ìwọ tí o ń ta òróró títí dòní? Mi ò ní wàhálà pẹ̀lú wọn. Mo máa ń sọ ti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gba owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ bíi nọ́ọ̀sì, tí ó wọ aṣọ funfun wá sínú ọjà ní ọ̀sán gangan, tí ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, tí ó tú gbogbo rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ìyá wa: igba náírà ó lé mẹ́rìnlá, owó tí àtẹ wa kì í rí lóṣù mẹ́ta.